Ọba Lárúbáwá Kékeré àti Igbá Omi Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé baba wa yìí, torí bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun. Ẹ wá ibi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ọba Lárúbáwá kan ló fà á.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ìtàn ni mí ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Porto-Novo níbí. Ìwé tí mo kọ ní yunifásítì kí wọ́n tó fún mi ní díplómù, ó dá lórí àwọn ọba kéékèèké etí òkun ilẹ̀ Lárúbáwá láyé ìjọba Òyìnbó, bí wọ́n ṣe ń bá àwọn alágbára ìgbà náà lò. Gẹ̀ẹ́sì wà lójú omi pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Sultan àwọn Tọ́kì wà lókè pẹ̀lú ọmọ ogun. Àwọn olórí aṣálẹ̀ ń gun ràkúnmí bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ọba kékeré wá wà láàárín, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

Gbogbo ẹbí ló bi mí nígbà náà pé kí ló kan ọmọ Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Benin, nínú ọ̀rọ̀ ọba Lárúbáwá. Ìyá Sáfù, àbúrò bàbá mi obìnrin, ní òun kò mọ ọkùnrin tó máa fẹ́ obìnrin tí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju ràkúnmí lọ. Mo rí ọkọ fẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ilé baba wa wà ní àdúgbò Dowa. Èmi àti ọkọ mi kò gbé jìnnà síbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí wọn kì í pè mí sí. Bí omi ò bá wá, wọ́n á pè mí. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, wọ́n á pè mí. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí ilé. Bàbá mi ti kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ti tú ká, àwọn kan wà ní Cotonou, àwọn kan wà ní Èkó. A kò pọ̀, a kò lówó, ṣùgbọ́n ilé náà tiwa ni.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé tiwa ni lóòótọ́?

Ẹbí kan wà lápá ọ̀tún wa tí à ń pè ní Ilé Ńlá. Wọ́n pọ̀ bí eéran. Bí wọ́n bá ń ṣe òkú, gbogbo títì ló máa ń dí. Wọ́n ní àlejò àwọn baba àwọn ni baba ńlá wa nígbà tó kọ́kọ́ dé Porto-Novo, pé wọ́n kàn fún un níbi tó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sí ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré wa, a ò kà á sí. Àfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n kó bíríkì wá, tí wọ́n tò ó láti ẹsẹ̀ igi máńgòrò wa títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ààlà wà. Ilé ìdáná wa bọ́ sí òdìkejì!

A gbé ẹjọ́ lọ sí bùrò ìjọba. Wọ́n ní ká padà wá. A padà lọ, wọ́n ní ká mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹlẹ́rìí wo? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti di ará ọ̀run. Lóòótọ́, bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀, tí mo ń tò sí bùrò lọ́sàn-án, tí mo ń gbọ́ ẹkún Ìyá Sáfù nírọ̀lẹ́, ó wá dà bí ẹni pé mo ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Bàbá Àgbà pe ìpàdé. Gbogbo wa jókòó lábẹ́ máńgòrò, bíríkì Ilé Ńlá ń wò wá. Olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀. Ẹnìkan ní ká wó o. Ẹnìkan ní ká bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, Bàbá Àgbà yíjú sí mi, èmi tí wọ́n ń pè ní Pùròfẹ́ nítorí iṣẹ́ olùkọ́ mi. Ó ní, “Pùròfẹ́, ọba rẹ tó wà láàárín àwọn erin yẹn, báwo ló ṣe ṣe é?”

Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí mo ti gba díplómù, kò sí ẹni tó tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn nílé wa! Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

Mo sọ fún wọn pé ìlú ọba náà kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ. Odi amọ̀ kan, ọkọ̀ ojú omi díẹ̀, àwọn apẹja, àti àwọn tó ń rì sísàlẹ̀ òkun láti wá péálì. Kò ní ọmọ ogun tó tó nǹkan. Ẹnu ló ní. Bí àwọn Tọ́kì bá dé, á ta àsíá wọn, á pa ẹran fún wọn. Bí wọ́n bá lọ tán, á ká àsíá náà sínú àpótí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá dé, á da kọfí fún wọn, á ní ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Olórí aṣálẹ̀ ńkọ́? Á fi ẹṣin àti èso dàbínù ránṣẹ́ sí i. Olúkúlùkù lọ pẹ̀lú èrò pé tèmi ni ọba yìí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Ìyá Sáfù ń nu ojú. Bàbá Àgbà ní ọba gidi nìyẹn.

Mo ní àmọ́ nígbà tó yá, àrékérekè kò ràn án mọ́. Olórí aṣálẹ̀ ń súnmọ́ tòsí. Ni ọba bá pe Gẹ̀ẹ́sì sí kọ̀rọ̀, ó ní ẹ wá dúró tì mí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí yín lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n jọ fọwọ́ síwèé. Láti ọjọ́ náà, olórí aṣálẹ̀ dúró lókèèrè, ó ń wò.

“Ó tó!” ni Bàbá Àgbà wí. “A ti gbọ́.”

Mo ní, “Bàbá, kò tíì parí o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.” Ṣùgbọ́n wọ́n ti dìde. Bàbá Àgbà ń wá fìlà rẹ̀. Ìyá Sáfù ń pariwo orúkọ ẹni tí wọn yóò lọ bá. Ta ló máa dúró gbọ́ ìdajì ìtàn tí kò dùn, nígbà tí ìdajì tó dùn ti tó o jẹ?

Ẹni tí wọ́n lọ bá, Pàtírọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá lédè Faransé, ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ Nàgó bíi tiwa ni, ó ní àwọn kámíọ̀n akẹ́rù tó ń gba ibodè Kraké wọ Nàìjíríà. Kò sí ọ̀gá ìjọba tí kò mọ̀ ọ́n láàárín Kraké sí Porto-Novo. Ó pẹ́ tó ti ń wá ibi táwọn ṣófẹ̀ẹ̀, àwọn awakọ̀ rẹ̀, lè máa sùn sí nígboro. Bàbá Àgbà àti Ìyá Sáfù wọ takisí lọ sí Kraké láàárọ̀, wọ́n dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ó ti gbà! Yóò gba yàrá méjì iwájú àti abẹ́ máńgòrò. Yóò tún òrùlé wa ṣe, tí òjò ti ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà láti ọdún tó pẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ilé wa sọ, kí ó kọ́kọ́ rí òun, kí Ilé Ńlá má baà gba ẹ̀yìn òun wọlé.

Ṣé ẹ rí ohun tó burú nínú ìyẹn? Ọgbọ́n ni, àbí? Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti ka irú ọ̀rọ̀ yẹn rí! Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ọba wọ̀nyẹn ṣèlérí gan-an nìyẹn: pé wọn kò ní bá ìjọba mìíràn sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, kí alágbára mìíràn má baà gba ẹ̀yìn wọlé.

Mo ní ẹ jẹ́ ká rọra. Ìyá Sáfù ní ṣebí ìwọ lo sọ ìtàn, kí ló tún dé? Ó rẹ̀ mí. Mo ní kò burú.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí. Nílé wa, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Porto-Novo, àlejò kì í sọ ohun tó gbé e wá kí ó tó mu omi. Ìyàwó ilé tó kéré jù ló ń gbé igbá omi jáde. Ṣùgbọ́n onílé ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò mọ̀ pé kò sí nǹkan búburú nínú rẹ̀. Àlejò á wá ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, lẹ́yìn náà ni yóò mu. Ìyàwó ń gbé e, onílé ń tọ́ ọ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ tí Pàtírọ́ọ̀nù kó dé, Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló tọ́ omi wò fún un. Pàtírọ́ọ̀nù ta sílẹ̀, ó mu, ó dọ̀bálẹ̀. Ó mú ìyàwó rẹ̀ kékeré wá, Rafíà, pé òun ni yóò máa gbé yàrá iwájú, tí yóò máa se oúnjẹ fún àwọn ṣófẹ̀ẹ̀.

Ọmọ dáadáa ni Rafíà. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Kì í kí mi lórí ìdúró. “Tántì, ẹ káàbọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o,” orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Ó pẹ́ tí a kò ti ní ìyàwó ọ̀dọ́ nílé, gbogbo àwọn tiwa ti bá ọkọ wọn lọ sílùú mìíràn. Inú Ìyá Sáfù dùn. Ó ní ìyàwó wa náà ni, ó gbé igbá omi lé e lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò sí ẹni tó rò ó sí nǹkan mìíràn.

Ilé Ńlá sì kó bíríkì wọn o! Láìjà, láìpariwo, wọ́n kó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Pàtírọ́ọ̀nù tún òrùlé wa ṣe, òjò rọ̀, a sùn. Wọ́n ń yìn mí. Pùròfẹ́, orí ẹ pé. Bàbá Àgbà ní òun kò mọ̀ pé ìwé wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbìyànjú láti parí ìtàn náà. Mo ní Bàbá, ọ̀rọ̀ ọba yẹn kù. Ó ní lọ́la, Pùròfẹ́. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, ó ní jẹ́ ká jẹun ná. Èmi náà ní ìwé ọmọ láti máàkì, mo ní ọkọ, mo ní ọmọ. Ó máa ń sú ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn. Àwa ará Porto-Novo ló yẹ ká mọ̀ ọ́n jù. Ọba tiwa náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń wò ó láti Èkó, tí Abomey ń wò ó láti òkè, Faransé ló pè pé kí wọ́n wá dúró ti òun. Mo ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo ààfin rẹ̀, tó ti di músẹ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, báyìí. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra yọ́gọ́ọ̀tì mu, wọ́n á gbàgbé.

Nǹkan kéékèèké ló kọ́kọ́ ń yí padà. Bàbá Àgbà máa ń sùn lọ́sàn-án. Bí àlejò bá dé nígbà yẹn, Rafíà á gbé omi jáde, kò sì sí onílé tó máa gbà á. Kí ló fẹ́ ṣe? Ṣé kí ó jí àgbàlagbà? Ó ń tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá Àgbà ìbáà jí, ìbáà sùn, òun ló ń tọ́ ọ wò. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe mí bákan, mo kọjá lọ sínú ilé. Mo ní ọmọ yìí ń gbìyànjú.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Àṣàbí dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú ni Àṣàbí, ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ló dàgbà sí. Ó rí ọkọ ní Sèmè-Kpodji. Àwọn àna fẹ́ wá mọ̀ wá. Bàbá Àgbà wọ agbádá rẹ̀ láti àárọ̀, ó jókòó sí pálọ̀ ẹ̀yìn, ó ń retí. Ó retí, ó retí.

Àwọn àna ti dé ẹnu ọ̀nà o! Ṣófẹ̀ẹ̀ Pàtírọ́ọ̀nù kan tó wà lábẹ́ máńgòrò ló dá wọn dúró. Ó béèrè bóyá wọ́n ti rí Pàtírọ́ọ̀nù. Wọ́n ní Bàbá làwọn wá rí. Ó ní ọ̀gá òun ti pàṣẹ, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ilé yìí sọ, kí ó kọ́kọ́ rí ọ̀gá náà. Ó rò pé ará Ilé Ńlá ni wọ́n. Wọ́n dúró sínú oòrùn pẹ̀lú obì àti iṣu lórí. Wọ́n pe tẹlifóònù Bàbá Àgbà, tẹlifóònù ti kú bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n padà sí Sèmè.

Ìtìjú! Àṣàbí sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Pàtírọ́ọ̀nù gan-an gbọ́, ó bínú sí ṣófẹ̀ẹ̀ náà, ó bẹ Bàbá Àgbà lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó ní òun yóò fi ọkọ̀ òun lọ kó àwọn àna náà wá. Kò ṣe búburú. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn, pé kò sí ẹni tó ṣe búburú. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun mú òfin òun kúrò. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Bàbá Àgbà kọ̀. Ó ní òun fúnra òun ni yóò lọ sí Sèmè-Kpodji lọ bẹ àwọn àna òun. Ó lọ. Àwọn ènìyàn náà gbà á dáadáa, wọ́n ní kí ó sinmi lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n se ẹja tútù fún un. Èmi ni mo lọ mú un padà lọ́sàn-án Sátidé kan. Inú rẹ̀ dùn nínú takisí. Ó ń sọ fún mi bí omi òkun ṣe ń dún, ó ní òun ti gbàgbé.

A sọ̀ kalẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nítorí orúnkún rẹ̀. Rafíà rí wa láti ọ̀ọ́kán, ó sáré wá, ó gba báàgì. “Bàbá, ẹ káàbọ̀! Ẹ kú ìrìn o!” Ṣófẹ̀ẹ̀ kan nà gbalaja lórí bẹ́ǹṣì, ó ju ọwọ́ sókè, ó ní ẹ káàbọ̀. Rafíà wọlé, ó gbé igbá omi jáde. Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ti títì wọlé, ó tọ́ omi náà wò, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Bàbá Àgbà.

Sí onílé! Lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀!

Mo lanu láti sọ̀rọ̀, Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó gba igbá náà. Ó wo inú omi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó mu, ó dá igbá padà.

Ó ní, “Ẹ ṣé o, onílé.”

Rafíà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré àgbàlagbà ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò wọlé. Ó lọ jókòó sórí àga àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé báàgì lé itan, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bi í pé kí ló gbé e wá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti sin bàbá mi, n kò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Sáfù jáde láti ẹ̀yìn. Ó rí i. Ó wo igbá lọ́wọ́ Rafíà, ó wo Bàbá Àgbà lórí àga àlejò, ó sì yé e. Ìyá Sáfù tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀! Ilẹ̀ ló jókòó sí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Pùròfẹ́,” ni Bàbá Àgbà wí, “wá parí ìtàn yẹn.”

Mo parí rẹ̀. Mo sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì kò gba fìlà lórí ọba náà, wọn kò lé e kúrò nílé. Olórí aṣálẹ̀ kò sì gbé ìlú rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú omi àjòjì bá dúró sí èbúté rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sọ bóyá kí ó gbà á tàbí kí ó má gbà á. Bí ó bá fẹ́ bá ọba mìíràn dọ́rẹ̀ẹ́, yóò kọ́kọ́ gba àyè. Ó ń jọba, wọ́n ń ṣọ́ ọ.

Bàbá Àgbà béèrè bóyá ìlú náà wà dòní. Mo ní ó wà, wọ́n ní àsíá tiwọn, ilé gogoro kún ibẹ̀. Ó béèrè nípa àwọn ọba tí kò pe ẹnikẹ́ni. Mo ní àwọn mìíràn nínú wọn ti wọnú ilẹ̀ ẹni tó lágbára jù wọ́n lọ, orúkọ wọn ló kù.

Ó ní, “Nígbà náà, kò ṣe àṣìṣe.”

Mo ní, “Bàbá, n kò mọ̀.” Òótọ́ ni. Mo kọ odindi ìwé lórí rẹ̀, n kò mọ̀.

Ó wá bi mí ní ohun tí ẹnì kankan nínú àwọn ọ̀gá mi ní yunifásítì kò bi mí. Ó ní lẹ́yìn tó ti fọwọ́ síwèé, títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, kí ló ń fi ojoojúmọ́ ṣe? Mo ní Bàbá, ohun tí irú àwọn ọba bẹ́ẹ̀ ń ṣe láti ayébáyé ni. Wọ́n á jókòó sí gbọ̀ngàn àlejò láàárọ̀, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, ẹni tó bá fẹ́ á wọlé wá kí wọn. Wọ́n á da kọfí fún un.

“Àti Gẹ̀ẹ́sì náà?”

“Àti Gẹ̀ẹ́sì náà.”

“Kọfí ta ni?”

“Kọfí ọba ni, Bàbá.”

Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n.” Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó wọlé lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì mo yà síbẹ̀ láàárọ̀. Bàbá Àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, lórí àpótí, fìlà funfun lórí, kòkò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rafíà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Tántì, kí ni mo ṣe? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní o kò ṣe nǹkan kan, ìwọ ṣáà máa gbé e wá, Bàbá ni yóò máa tọ́ ọ wò.

Kò sí ẹni tó kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà! Oníbúrẹ́dì mu omi. Ẹni tó wá wo mítà iná mu omi. Ṣófẹ̀ẹ̀ tó lọ ra sìgá mu omi nígbà tó padà dé, ó tún lọ ra nǹkan mìíràn, ó tún mu. Ó ní Bàbá, ikùn mi ti kún. Bàbá Àgbà ní káàbọ̀, ọmọ mi.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ Pàtírọ́ọ̀nù dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, tẹlifóònù wà létí rẹ̀, ó ń bọ̀ kánkán bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò mu omi ẹnu ọ̀nà mọ́. Bàbá Àgbà kò dìde. Rafíà kúnlẹ̀, ó gbé igbá fún Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà tọ́ ọ wò, ó nà án sí Pàtírọ́ọ̀nù.

Pàtírọ́ọ̀nù dúró gbagidi. Ọmọ Nàgó ni, kò sí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wo igbá, ó wo Bàbá Àgbà, ó wo àwọn ṣófẹ̀ẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti dìde jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bó bá kọjá láìmu ún, ó ti tán fún wa nìyẹn.

Ó sọ fún ẹni tó wà lórí tẹlifóònù pé òun yóò pè é padà. Ó bọ́ fìlà. Ó gba igbá, ó ta omi sílẹ̀, ó mu.

Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ilé o.”

Bàbá Àgbà ní, “Káàbọ̀. Kí ló gbé ọ wá?”

Ìyá Sáfù bú sẹ́rìn-ín ẹkún nínú ilé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kámíọ̀n ṣì wà lábẹ́ máńgòrò wa. Àdéhùn Pàtírọ́ọ̀nù ṣì wà lórí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ àna kò sí nínú rẹ̀. Ilé Ńlá ṣì ń yọjú lórí ògiri, a kò sì lè ní kí ọkùnrin náà máa lọ. Orúnkún Bàbá Àgbà kò gba àpótí lójoojúmọ́, nítorí náà a ń pín in ṣe: Ìyá Sáfù, Àṣàbí kí ó tó relé ọkọ, àti èmi ní Sátidé, pẹ̀lú ìwé ọmọ lórí itan. Ó ń rẹni. Ọlọ́run mọ̀ pé ó ń rẹni!

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Pé ẹni tí kò lágbára lè pe alágbára sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìgbà míì kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ó má dìde kúrò lórí àpótí. Ilé kì í bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lọ́jọ́ tó fọwọ́ síwèé, ọjọ́ tó sùn lọ́sàn-án tí ẹlòmíràn bá a tọ́ omi wò ni. Ẹ sì jọ̀ọ́, bí ẹnìkan bá ń sọ ìtàn fún yín, ẹ jẹ́ kí ó parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, nínú ilé, níbi iṣẹ́, nínú ẹgbẹ́? Ta ló ń tọ́ omi wò lẹ́nu ọ̀nà yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, orí àpótí náà ni mo wà báyìí, màá kà á.

Ẹ dúró ná. Ẹnìkan ń bọ̀ láti títì. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ omi yìí wò.